Ẹbọ Dé Kóòtù: Bí Òfin àti Ìdájọ́ Ṣe Kan Ìsìn Òrìṣà ní Amẹ́ríkà



Àwọn ọmọ awo tó wà ní Amẹ́ríkà a máa bi mí lórí fóònù pé, "Bàbá, ṣé ìjọba ò ní mú wa bí a bá pa adìẹ bọ Òrìṣà?" Babaláwo ni mí ní Kémta, Abẹ́òkúta, n kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá kan ẹbọ ti kan awo. Ìdáhùn ìbéèrè yìí wà nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní ọdún 1993, ó sì yẹ kí gbogbo onísìn mọ̀ ọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Lukumi ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà. Wọn kò jẹ́ kí Òrìṣà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí àwọn ará Kúbà ṣí lọ sí ìpínlẹ̀ Florida, wọ́n gbé e dání. Olórìṣà kan tó ń jẹ́ Ernesto Pichardo ló ṣáájú ìjọ tí wọ́n ń pè ní Church of the Lukumi Babalu Aye. Ọbalúayé tiwa náà ni Babalu Aye yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1987, ìjọ náà háyà ilẹ̀ kan ní ìlú Hialeah láti fi kọ́ ilé ìsìn, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ni ariwo bá ta. Ní oṣù kẹfà, ìgbìmọ̀ ìlú pe ìpàdé pàjáwìrì. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fi máa parí, wọ́n ti ṣe òfin mẹ́rin tó dí ọ̀nà ẹbọ ẹlẹ́jẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin náà lè san tó 500 dọ́là, ó lè ṣẹ̀wọ̀n tó 60 ọjọ́, ó sì lè gba méjèèjì pọ̀.

Ìjọ náà gba kóòtù lọ. Ní ọdún 1989, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ dá ìlú láre. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn náà gbè é lẹ́yìn ní ọdún 1991. Wọn kò rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n tún gbé e dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1993, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹnu kò pé ìlú jẹ̀bi. Adájọ́ Anthony Kennedy ló kọ ìdájọ́ náà.

Ohun tí àwọn adájọ́ rí

Ìlú ní nítorí ìmọ́tótó ni, àti kí wọ́n má baà fìyà jẹ ẹran. Àwọn adájọ́ wò ó, wọ́n rí i pé ní ìlú kan náà, èèyàn lè ṣọdẹ, ó lè pẹja, ó lè pa eku, wọ́n sì fi ààyè sílẹ̀ fún ẹran tí àwọn Júù ń pa ní ìlànà ẹ̀sìn wọn. Ọ̀bẹ olórìṣà nìkan ni òfin náà mú. Bí ó bá jẹ́ ìdọ̀tí ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n, kí wọ́n ṣe òfin ìdalẹ̀nù tó mú gbogbo èèyàn. Bí ó bá jẹ́ ìyà ẹran ni, kí wọ́n ṣe òfin lórí bí gbogbo èèyàn ṣe ń tọ́jú ẹran.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣi èyí gbọ́. Ní ọdún 1990, kóòtù kan náà ti sọ nínú ẹjọ́ kan láti ìpínlẹ̀ Oregon pé òfin tó bá mú gbogbo èèyàn bákan náà lè mú onísìn pẹ̀lú. Inú bí àwọn aṣòfin àpapọ̀, wọ́n ṣe òfin tuntun ní ọdún 1993 láti dáàbò bo ẹ̀sìn. Ní ọdún 1997, kóòtù ní òfin yẹn kò lè de àwọn ìpínlẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan wá ṣe tiwọn. Texas ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1999. Òfin Texas yìí ni olórìṣà kan, Jose Merced, dì mú nígbà tí ìlú Euless ní kò gbọdọ̀ pa ewúrẹ́ nínú ilé rẹ̀. Ó jàre ní kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní ọdún 2009.

Bí òfin ṣe ń rìn níbẹ̀ nìyẹn. Ìlú á ṣe é, kóòtù á gé e, aṣòfin á fèsì, kóòtù á tún wò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lè rúbọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ òfin ẹran sísìn ní ìlú yín, ẹ má dá ẹran lóró, ẹ má sì gbé òkú ẹran sọ sí oríta fún wolé-wolé. Ìdájọ́ 1993 kò gbà yín lọ́wọ́ òfin ìdọ̀tí.

Àwa ńkọ́ nílé?

Abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún oníkálukú láṣẹ láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀ ní gbangba tàbí ní kọ̀rọ̀. Abala 45 sì ní ìjọba lè fi ààlà sí i nítorí ààbò, ìlera àti ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ní ọdún 2023, ìjọba Ògùn fún wa ní ìsinmi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022, ìpínlẹ̀ yìí kan náà ti ṣe òfin pé a lè sin ọba ní ìlànà ẹ̀sìn tó wù ú. Òmìnira ẹ̀sìn tó gba àwọn Lukumi là ni àwọn tó fara mọ́ òfin yìí ń tọ́ka sí. Lójú tèmi, ọba kì í ṣe ti ara rẹ̀ nìkan. Ìlú ló fi í jọba, orò ìlú ló sì fi gun orí ìtẹ́. Bí a bá fẹ́ kí adájọ́ gbọ́ èyí yé, a ní láti lè ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí. Ìbínú nìkan kò tó.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni, láàárín ẹbí àti aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni àwọn Lukumi fi dúró níwájú adájọ́, wọ́n pàdánù lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó jàre. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ní ìwé ìforúkọsílẹ̀, kí a kọ ìlànà orò wa sílẹ̀ dé ibi tí awo gbà, kí a sì rán nínú àwọn ọmọ wa lọ kọ́ ìmọ̀ òfin.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.