Íntánẹ́ẹ̀tì Tí Ń Fi Orúkọ Pe Dátà

Nígbà tí ARPANET, baba ńlá íntánẹ́ẹ̀tì òde òní, gba ìlànà IP wọlé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, kọ̀ǹpútà ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n gógó, débi tí ohun tí ẹni tí ó jókòó sí ìlú kan ń wá kò ju pé kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó kọ̀ǹpútà ńlá tí ó wà ní ìlú mìíràn. Nítorí ìdí èyí ni àwọn onímọ̀ ṣe fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ àwọn ráútà, èyíinì ni àwọn ẹ̀rọ tí ń darí ẹrù ní oríta gbogbo, pé àdírẹ́sì ni kí wọ́n máa kà. Ìlànà náà ti sin aráyé tọkàntọkàn, ẹni tí ó bá sì ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú kò moore. Ṣùgbọ́n ayé ń yí, ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ń wá lónìí kì í ṣe kọ̀ǹpútà kan pàtó mọ́, ìròyìn ni, fídíò ni, orin ni, ìwé ni, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ládùúgbò kan bá béèrè fídíò kan náà, ráútà tí ń sìn wọ́n lè ru ẹrù kan náà kọjá nígbà ẹgbẹ̀rún láìfura, nítorí ibi tí ẹrù ń lọ nìkan ni ó mọ̀, kò mọ ohun tí ó rù.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù ni Van Jacobson, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1986, nígbà tí ọ̀nà tí ó so ilé ìwádìí Lawrence Berkeley pọ̀ mọ́ yunifásítì California ní Berkeley kún fọ́fọ́, tí ìyára rẹ̀ já wálẹ̀ láti bíìtì 32,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí 40 péré, òun àti Michael Karels ni wọ́n wá ojútùú tí a ṣì ń jàǹfààní rẹ̀ títí dòní. Ní ọdún 2006 ni ó bọ́ síta tí ó ní kí a yé bi íntánẹ́ẹ̀tì pé níbo ni, kí a máa bi í pé kí ni. Àwọn onímọ̀ yunifásítì Stanford ti ṣe iṣẹ́ tí ó jọ èyí, tí wọ́n pè ní TRIAD, ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí PARC gbé jáde ní 2009 ni ó fi ẹsẹ̀ èrò náà múlẹ̀. Nígbà tí ó sì di 2010, àjọ National Science Foundation ti Amẹ́ríkà fi owó ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn, lábẹ́ àkóso Lixia Zhang ti yunifásítì UCLA, wọ́n sì sọ ọ́ ní Named Data Networking, tí a ń pè ní NDN.

Nínú NDN, ohun gbogbo ní orúkọ, orúkọ náà sì ní ìran. Gẹ́gẹ́ bí akéwì ṣe ń ti oríkì orílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kan agboolé, kí ó tó kan baba, kí ó tó wá kan ọmọ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ dátà ṣe ń ti orí ẹni tí ó ṣe é sọ̀ kalẹ̀ dé orí ègé kékeré kan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú /ilé-ẹ̀kọ́/físíìsì/fídíò-2/15 wò: ègé kẹẹ̀ẹ́dógún ni nínú fídíò kejì ti ẹ̀kọ́ físíìsì. Oríṣi ẹrù méjì péré ni ó ń rìn lójú ọ̀nà: ìbéèrè, tí ó ru orúkọ, àti dátà, tí ó ru orúkọ kan náà pẹ̀lú ohun tí a béèrè. Ìbéèrè kan kì í mú ju dátà kan wá, kò sì ru àdírẹ́sì ẹni tí ó rán an.

Báwo wá ni èsì ṣe ń mọ ọ̀nà ilé? Bí ìbéèrè bá ti wọ inú ráútà, àká rẹ̀, níbi tí ó ń kó ẹ̀dà dátà pamọ́ sí, ni ráútà kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ègé kẹẹ̀ẹ́dógún bá ti wà níbẹ̀ nítorí ẹni tí ó béèrè rẹ̀ ṣáájú, ó fà á yọ, ó fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Bí kò bá sí, ó ṣí àkọsílẹ̀ àwọn ìbéèrè tí èsì wọn kò tíì dé. Bí ẹlòmíràn bá ti ń retí orúkọ yìí kan náà, ráútà kò tún rán ìbéèrè mìíràn jáde, kìkì ẹnu ọ̀nà tí ìbéèrè tuntun gbà wọlé ni ó kọ kún ti àkọ́kọ́. Ìgbà tí èyí náà kò bá sí ni ó tó ṣe àkọsílẹ̀ tuntun, tí ó ṣí ìwé atọ́nà, tí ó wá ìlà tí ó bá orúkọ náà mu jìnnà jù láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí ó sì rán ìbéèrè gba ibẹ̀ lọ. Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà: bí ìlà náà bá tọ́ka sí ọ̀nà mẹ́ta, ráútà lè dán wọn wò, kí ó yan èyí tí ó yá jù. Nígbà tí dátà bá dé, ó ń tọ ipasẹ̀ tí ìbéèrè fi sílẹ̀ padà láti ráútà dé ráútà, ó ń yà sí gbogbo ẹnu ọ̀nà tí a ti ń retí rẹ̀. Ráútà a pa ẹ̀dà kan mọ́ sí àká, a sì pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Bí oníbéèrè kò bá dá àkókò tirẹ̀, tí ìṣẹ́jú àáyá 4 sì kọjá láìsí èsì, àkọsílẹ̀ náà a parẹ́ fúnra rẹ̀.

Níbi tí iṣẹ́ yìí ti wú mi lórí jù nìyí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì òde òní, ọ̀nà àárín kọ̀ǹpútà méjì ni a ń dáàbò bò, a sì ń gba ọ̀rọ̀ gbọ́ nítorí ilé tí a ti gbọ́ ọ. Nínú NDN, ẹni tí ó ṣe dátà ní láti fọwọ́ sí i, ìfọwọ́sí náà sì so orúkọ pọ̀ mọ́ ohun inú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá yí ẹyọ bíìtì kan padà, àṣírí yóò tú. Ẹni tí ó gbà á yóò fi kọ́kọ́rọ́ olùfọwọ́sí yẹ̀ ẹ́ wò, ì báà jẹ́ àká ráútà ìtòsí, ì báà jẹ́ fóònù aládùúgbò ni ó ti rí i gbà. Ara ọ̀rọ̀ gan-an ni òótọ́ wà, kì í ṣe ara ilé tí a ti gbọ́ ọ. Ìdí sì nìyí tí ẹ̀dà tí ó wà nítòsí fi níyì bí ti orísun.

Tibi tire ni a dá ilé ayé. Orúkọ pọ̀ ju àdírẹ́sì lọ fíìfíì, ìwé atọ́nà tí yóò gbà wọ́n kò sì gbọdọ̀ ju agbára ráútà lọ. Ẹni ibi lè fi ìbéèrè orúkọ tí kò sí rárá kún àkọsílẹ̀ ráútà. Orúkọ tí ó hàn ní gbangba sì lè tú àṣírí ohun tí ènìyàn ń kà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń bá gbogbo èyí jìjàkadì. Síbẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ olówó ti ń ra ohun tí ó jọ àǹfààní NDN fún ara wọn, tí wọ́n ń gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ káàkiri ayé kí ẹ̀dà iṣẹ́ wọn lè súnmọ́ oníbàárà. NDN ní kí ọ̀nà fúnra rẹ̀ máa ṣe é fún tolówó tálákà, kí ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ lè wọ àká kan náà pẹ̀lú fídíò ilé-iṣẹ́ ńlá, kí agbègbè tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò lágbára sì lè gbé ohun kan wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Nítorí èyí nìkan, iṣẹ́ náà tó ohun tí a ń fi ọjọ́ ayé ẹni ṣe.