Ọkọ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin àti Omi Odò
Ẹ̀yin ará tí ẹ fẹ́ràn ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, ọ̀rọ̀ yín rèé. Iṣẹ́ oko ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe Land Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1948. Bí tiyín bá jẹ́ èyí tí a ń fi ọwọ́ ki, ẹ ki í nínú ẹrẹ̀ oko kòkó Ìdànrè. Ẹ yọ ọ́ lórí ọ̀dà gbígbẹ Àkúrẹ́ sí Oǹdó, kí jíà má baà bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n omi ló burú jù. Bí dífárẹ́ńṣíà gbígbóná bá wọ odò tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á súnkì. Bí ẹrẹ̀ bá ti dí ihò èémí orí rẹ̀, omi á gba ojú síìlì wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀ díẹ̀. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Màmá àwọn ọmọ lè ní owó ọ́ìlì ti pọ̀ jù. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé: bí jíà yẹn bá jẹ, owó ilé-ìwé ni a ó fi ra òmíràn.