Àlàyé: Kí ló yẹ kó wà nínú ìwé tó wà lẹ́yìn iye orí dáṣíbọ́ọ̀dù?

Kò ṣòro láti rí ẹni tó ń pín in kiri lórí WhatsApp àti X pé àìríṣẹ́ṣe ní Nàìjíríà já wálẹ̀ láti ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 4.1. Àwọn kan ń fi í yin ìjọba. Àwọn mìíràn ń fi í pe àjọ tó ń rí sí ìṣirò lórílẹ̀-èdè yìí, NBS, ní òpùrọ́. Òótọ́ ni pé NBS ló gbé iye méjèèjì jáde. Ìdá 33.3 jẹ́ ti oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún 2020, ìdá 4.1 sì jẹ́ ti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023. Ohun tí kò tọ̀nà ni kí a gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi pé ohun kan náà ni wọ́n kà.

Ìtumọ̀ "ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́" ló yí padà láàárín méjèèjì. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ń wá iṣẹ́, tí èyí tó ń ṣe kò sì tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀, NBS á kà á mọ́ àwọn tí kò níṣẹ́. Nínú ìlànà tuntun tí wọ́n kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, èyí tó bá ìlànà àjọ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, mu, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ owó fún wákàtí kan péré láàárín ọjọ́ méje ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ orí náà yí padà. Láti ọdún 15 sí 64 ni wọ́n ń kà tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti 15 sókè ni báyìí, kò sí gbèdéke.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá alákàrà kan ní Lọ́kọ́ja, tó ń dín àkàrà fún wákàtí méjì láàárọ̀, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, tó sì ń wá iṣẹ́ mìíràn kún un. Wákàtí 12 nìyẹn. Nínú ìṣirò 2020, kò níṣẹ́. Nínú ti 2023, ó níṣẹ́. Ìyá náà ṣì wà nídìí agbada kan náà.

Ohun tó jẹ́ kí àwa tó ń yẹ òótọ́ ọ̀rọ̀ wò lè yanjú èyí ni pé NBS kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àti ti aládàáni tó ń fi Power BI, Tableau tàbí Excel ṣe àbọ̀ fún àwọn ọ̀gá wọn kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí iye bá sì dàrú, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó ti dàrú.

Kí wọ́n tó ya àwòrán kankan

Ẹ̀yìn tí iṣẹ́ bá parí ni wọ́n sábà máa ń rántí ìwé yìí, nígbà tí ẹni tó mọ ìdí tí wọ́n fi yọ àwọn ìlà kan kúrò nínú dátà ti lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ta ni yóò lo àbọ̀ yìí, ìpinnu wo ló sì fẹ́ fi ṣe? Bí kò bá sí ìpinnu kankan, mi ò rí ìdí tí wọ́n fi ń náwó lé e.

Ẹ wo ètò ìlera. DHIS2 ni Nàìjíríà fi ń kó iye jọ láti àwọn ilé ìwòsàn. Ká ní ìpínlẹ̀ kan fẹ́ mọ "iye aláboyún". Ṣé iye àwọn obìnrin náà ni, àbí iye ìgbà tí wọ́n wá? Láti 2016 ni àjọ ìlera lágbàáyé, WHO, ti ń sọ pé kí aláboyún rí elétò ìlera ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ó kéré tán. Nítorí náà, aláboyún 100 lè di 800 nínú àbọ̀. Bí àwọ̀n ẹ̀fọn ni wọ́n fẹ́ rà, ẹyọ kan fún ẹnì kan, iye obìnrin ni wọ́n nílò. Bí káàdì tí wọ́n ń kọ̀wé sí nígbàkúùgbà tí wọ́n bá wá ni wọ́n fẹ́ tẹ̀, iye ìgbà ló bá a mu. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n bí ìwé kò bá sọ èyí tí wọ́n kà, àwọ̀n lè ṣẹ́kù rẹpẹtẹ níbì kan, kó má sì dé ọ̀dọ̀ àwọn kan níbòmíì.

Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ iye tí wọ́n fi pín in pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ní "ìdá 60 nínú àwọn aláboyún ìpínlẹ̀ yìí", mélòó ni gbogbo wọn? Ọdún 2006 ni Nàìjíríà ka ènìyàn kẹ́yìn, nítorí náà ìfojúdá ni iye ènìyàn tí a ń lò lónìí. Kí wọ́n kọ ìfojúdá tí wọ́n lò àti ẹni tó ṣe é. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí dátà ti wá, àwọn ìlà tí wọ́n yọ àti ìdí rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń fi dátà tuntun kún un, àti ẹni tó lè dáhùn ìbéèrè.

Ọ̀nà tí dátà gbà

Ìwé yìí tún gbọ́dọ̀ tọ ọ̀nà tí dátà gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé ojú ọ̀nà ni dátà ti sábà máa ń sọnù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2020, ẹni 15,841 tó ní àrùn COVID-19 kò hàn nínú iye tí ìjọba ń kéde lójoojúmọ́. Fáìlì Excel àtijọ́ ni wọ́n ń kó àbájáde àyẹ̀wò sí, kò sì lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Ìlà púpọ̀ ni ẹnì kan ń gbà, bí ó bá sì kún, ìyókù á jábọ́ láìsí ariwo. Wọ́n ti sọ fún àwọn aláìsàn náà pé wọ́n ní àrùn, ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ kó wá àwọn tí wọ́n ti bá pàdé kàn kò tètè gbọ́.

Ọjọ́ tí ìtumọ̀ yí padà

Abala tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé ni àkọsílẹ̀ àwọn ìyípadà. Ní oṣù kejì ọdún 2025, NBS kéde pé ọ̀wọ́n gógó ọjà jẹ́ ìdá 24.48 ní oṣù kìíní. Ìdá 34.80 ló jẹ́ ní oṣù kejìlá 2024. Ọjà kò dẹ̀rọ̀ lóru ọjọ́ kan. NBS ló gbé ọdún ìpìlẹ̀ láti 2009 sí 2024, tí ìwọ̀n oúnjẹ nínú ìṣirò sì dín kù láti bí ìdá 52 sí bí ìdá 40. Wọ́n sọ ọ́ nínú àbọ̀ wọn, àmọ́ àwòrán tó ń kiri lórí ayélujára kì í gbé ìyẹn dání.

Bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá kàn yín, ẹ wá àbọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́, kí ẹ wo abala tó sọ bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Nínú àwọn PDF NBS, Methodology ni wọ́n sábà máa ń pè é. Ẹ fi ìtumọ̀ ti ọdún àkọ́kọ́ wé ti ọdún kejì kí ẹ tó fi iye wé iye.