Máàpù Àtijọ́ Tí Wọ́n Fọwọ́ Kùn: Báwo Lẹ Ṣe Máa Mọ Ojúlówó?

Ọ̀rọ̀ máàpù àtijọ́ la gbé dé lónìí, èyí tí àwọn òyìnbó fọwọ́ kùn ní ọ̀dà. Àwọn èèyàn ń fi owó gidi rà á kọ́ sára ògiri. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ta ẹ̀dà tuntun bí ojúlówó, torí náà ẹ fetí sílẹ̀.

Ní 1635, ilé iṣẹ́ Blaeu ní Amsterdam tẹ máàpù kan jáde tí wọ́n pè ní Guinea. Etíkun wa yìí ló wà níbẹ̀. Nígbà náà, ẹ̀rọ kì í tẹ àwọ̀. Wọ́n á fín ìlà àti orúkọ sára bàbà pẹlẹbẹ, wọ́n á fi íǹkì kùn ún, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Lẹ́yìn ìyẹn lẹnì kan á wá mú búrọ́ọ̀ṣì, á máa fi ọ̀dà kùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà méjì kì í fi í jọra délẹ̀délẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa: orúkọ kún etíkun bámú, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹranko bí erin ni wọ́n yà síbẹ̀. Etíkun ni ọkọ̀ òyìnbó ń gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra góòlù, eyín erin àti ẹrú. Wọn ò mọ ohun tó wà nínú. Torí náà, ẹ má wá Èrúwà níbẹ̀ o.

Ní 1798, James Rennell tiẹ̀ ya òkè gàgàrà tí wọ́n pè ní Òkè Kong, ó nà án gba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá. Àwọn mìíràn ń dà á kọ, títí Louis-Gustave Binger fi débẹ̀, tó sì jábọ̀ ní 1889 pé kò sí òkè kankan níbẹ̀. Ó tó 90 ọdún!

Tí ẹnì kan bá wá fẹ́ tà á fún yín ńkọ́?

1. Ẹ fìka wá etí àwòrán náà. Bàbà máa ń tẹ bébà wọlé, á fi àlà sílẹ̀ yíká.
2. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bébà ìgbà Blaeu ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, torí orí asẹ́ wáyà ni wọ́n ti ń ṣe é.
3. Ẹ fi kámẹ́rà fóònù sún mọ́ àwọ̀ náà. Tó bá jẹ́ àmì róbótó kéékèèké ló kún ibẹ̀, ẹ̀rọ òde òní ló tẹ̀ ẹ́.
4. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọ̀ ewé àtijọ́ tí wọ́n fi bàbà ṣe máa ń jẹ bébà, á hàn lẹ́yìn bí ìpẹtà.

Ẹ tún béèrè ìgbà tí wọ́n kùn ún, torí bébà lè jẹ́ ti àtijọ́ kí ọ̀dà rẹ̀ jẹ́ tàná.

Tí owó ò bá sí, ẹ lọ sí David Rumsey Map Collection lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Máàpù tó ju 100,000 lọ wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Dátà nìkan lẹ máa ná.

Àwọn tó ya máàpù ìjọ́sí ò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ará Ìbàràpá. Lónìí, ẹnikẹ́ni ló lè fi orúkọ sórí OpenStreetMap. Ẹ wá àdúgbò yín níbẹ̀. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ fi í sí i, kó má di pé àwọn ẹlòmíràn á tún ya erin síbẹ̀.