Ọjọ́ Orí Gíláàsì: Bí Ohun tí Kò Tíì Dúró Déédéé Ṣe Ń Dàgbà

1. Ìfáárà

Ohun líle tí ó ti parí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka gíláàsì sí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Nígbà tí gíláàsì yíyọ́ bá tutù, àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ a há mọ́ra kí wọ́n tó rí àyè tò bí ó ti yẹ. Láti ìgbà náà ni wọn yóò ti máa yọ́ rìn lọ sí ipò ìdúró déédéé, tí wọ́n sì lè máà dé ibẹ̀. Ìrìn yìí ni dídàgbà gíláàsì.

2. Ẹ̀rí

Láti 1844 títí di 1882 ni James Prescott Joule, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ń yẹ tẹmómítà kan náà wò nínú yìnyín tí ó ń yọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni mẹ́kúrì ń dúró sókè sí i. Ìgbóná yìnyín kò yí padà. Ikùn tẹmómítà ni ó ń súnkì.

Ike náà ń dàgbà. Nínú ìwé tí L. C. E. Struik, ará Netherlands, tẹ̀ jáde ní 1978, ike PVC ni wọ́n mú tutù lójijì láti 90°C sí 20°C, tí wọ́n sì ń fi ẹrù dán nínà rẹ̀ wò títí di 1,000 ọjọ́. Bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá di ìlọ́po mẹ́wàá, àsìkò tí yóò fi nà dé ìwọ̀n kan náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá pẹ̀lú. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún.

3. Ìrántí

Ǹjẹ́ ìgbóná, ìtẹ̀ àti àyè tí ohun gbà tó láti sọ ipò rẹ̀? Wọ́n tó fún ohun tí ó ti dúró déédéé. Ṣùgbọ́n ní 1963, A. J. Kovacs ṣàlàyé ìdánwò kan lórí polyvinyl acetate. Wọ́n mú un tutù lójijì, wọ́n jẹ́ kí ó súnkì, wọ́n sì gbé ìgbóná rẹ̀ sókè nígbà tí àyè tí ó gbà bá èyí tí ó yẹ ní ìgbóná tuntun náà mu gẹ́lẹ́. Ó yẹ kí ó dúró jẹ́ẹ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó kọ́kọ́ wú, ó sì tún súnkì padà. Àwọn apá tí ó yára ti súnkì kọjá ààlà, àwọn tí ó lọ́ra kò sì tíì súnkì tó. Àròpọ̀ wọn nìkan ni ó dọ́gba.

4. Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn ohun tí kò dúró déédéé jẹ́ apá kan ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá dán ike tuntun wò lónìí, tí ó wá ṣèlérí bí yóò ṣe gbé ẹrù ní ọdún mẹ́wàá sí i láìka ọjọ́ orí rẹ̀ sí, ti ṣìrò. Bí a bá sì tún mú ike náà gbóná kọjá ibi tí ó ti ń rọ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ a parẹ́, kíkà rẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo.