Ìjàpá Pẹ̀lú Ń Fẹ́ Omi

Nínú àlọ́ tí a gbọ́ ní kékeré, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ìjàpá fi ń yọ ara rẹ̀ nínú ewu. Ìjàpá tí ènìyàn sé mọ́ àgbàlá kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Kì í ké bí ewúrẹ́, kì í gbó bí ajá. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ńṣe ni yóò dákẹ́. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe gbà pé ewé tútù nìkan ti tó o. Èrò yìí ti pa ìjàpá púpọ̀, ó sì yẹ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń sìn ín mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Inú àpò ìtọ̀ ni ìjàpá ń fi omi pamọ́ sí, ibẹ̀ ni ó sì ti ń fà á lò nígbà ọ̀dá. Ohun funfun kan a máa bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde. Bí omi ara rẹ̀ bá tó, ohun náà yóò rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Bí omi kò bá tó, yóò le, yóò sì rí ṣákaṣàka bí iyanrìn. Bí èyí bá pẹ́, ó lè di òkúta nínú àpò ìtọ̀, kíndìnrín pẹ̀lú sì lè bàjẹ́.

Ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ilẹ̀ gbígbẹ ni ìjàpá ńlá ti òkè Ọya ti wá. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ihò jíjìn tí ó tutù ni ó ń gbẹ́ sápamọ́ sí nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Bí a bá tọ́ ọmọ rẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ìkarahun rẹ̀ a máa hù ní gegele-gegele.

Báyìí ni a ṣe ń rẹ ìjàpá sínú omi. Ẹ wá abọ́ fífẹ̀ tí kò lè gùn jáde. Ẹ bu omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, ìwọ̀n bí 30 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Kí omi náà má ṣe ga ju ibi tí ìkarahun ẹ̀yìn ti pàdé ti àyà lọ, kí orí rẹ̀ sì wà lókè omi láìsí wàhálà. Ìjàpá orí ilẹ̀ kò mọ ìwẹ̀ odò, ó lè kú sómi. Ẹ fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, kí ẹ má sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Yóò tẹ orí ba, ẹ ó sì rí ọ̀fun rẹ̀ bí ó ti ń gbé omi mì. Bí ó bá yàgbẹ́ sínú omi, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójú kan náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ nù ún gbẹ. Òwúrọ̀ ni ó dára jù, kí òtútù alẹ́ má baà bá a nínú ọ̀rinrin.

Ojoojúmọ́ ni kí a ṣe èyí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1. Fún àgbà, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí omi mímu wà nínú àwo pẹlẹbẹ nígbà gbogbo. Ẹ má ṣe fi ọṣẹ tàbí epo sí i lára.

Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tí awọ rẹ̀ hun jọ, tí ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́, omi ti tán lára rẹ̀. Ẹ má ṣe rọ omi sí i lẹ́nu ní tipátipá, kí ó má baà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ máa rẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Bí kò bá jẹun, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ẹ má sì lo abọ́ ìdáná, nítorí kòkòrò àìsàn tí ìjàpá lè gbé.

Alágbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́, kú ní ọdún 2019. Àwọn onímọ̀ kò gba ọdún 344 tí a kà fún un, ṣùgbọ́n ó dájú pé ìjàpá tí a tọ́jú dáadáa lè pẹ́ láyé ju ẹni tí ń sìn ín lọ.

Ìsinmi Kérésìmesì ń bọ̀, ọyẹ́ sì ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó palẹ̀ mọ́, ẹ yan ẹni tí yóò máa fún ìjàpá yín ní omi. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.