Bí Àwọn Ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà Ti Ń Wá Ọ̀nà Láti Dá Olùtọ́jú Ọmọ Dúró Sídìí Iṣẹ́

Orúkọ tí a ń pe ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké dùn mọ́ mi púpọ̀: jẹ́lé-ó-sinmi. Ọmọ jáde, ilé sinmi, ìyá sì ráyè lọ sí ọjà tàbí oko. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ wa ńkọ́? Nígbà wo ni òun yóò sinmi, kí ni a sì ń san fún un? Ọ̀ràn yìí ni ó ń dààmú àwọn aṣòfin ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, mo sì rò pé ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni iṣẹ́ tiwọn àti tiwa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo gbòǹgbò ọ̀ràn náà. Ìṣirò ìjọba àpapọ̀ wọn ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 fi hàn pé bí a bá to gbogbo olùtọ́jú ọmọ lẹ́sẹẹsẹ, láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, ẹni tí ó bọ́ sí àárín gan-an ń gba dọ́là 15.41 fún wákàtí kan. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún 40 wákàtí lọ́sẹ̀, owó rẹ̀ lọ́dún yóò tó nǹkan bí 32,050 dọ́là. Ẹni tí kò mọ̀ yóò wí pé, “Kí ni ó dé tí àwọn onílé ìtọ́jú kò fi kún un?” Ẹ wò ó báyìí. Ní ìpínlẹ̀ Vermont, òfin kò gbà kí àgbà kan ṣoṣo tọ́jú ju ọmọ ọwọ́ mẹ́rin lọ. Òfin náà dára. Ta ni yóò gbé ọmọ ọwọ́ mẹ́wàá sá jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ? Ṣùgbọ́n èyíinì ni pé ìdílé mẹ́rin péré ni yóò pín owó olùtọ́jú kan san. Pín 32,050 sí ọ̀nà mẹ́rin, ó ju 8,000 dọ́là lọ lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí a tó mẹ́nu kan owó ilé, oúnjẹ, iná, àti owó ẹni tí yóò dúró ti àwọn ọmọ nígbà tí olùtọ́jú bá ń jẹun. Bí a bá fi kún owó-iṣẹ́, apá òbí kò ní ká a. Bí a kò bá sì fi kún un, olùtọ́jú yóò gba ṣọ́ọ̀bù lọ, níbi tí a ti lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní bì sí i lára. Àwọn àgbà wí pé a kì í fi ẹ̀jẹ̀ dúdú sínú tu itọ́ funfun jáde, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ni iṣẹ́ yìí ń béèrè láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Ní ọdún 2021, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, ìjọba àpapọ̀ na bílíọ̀nù 24 dọ́là kí àwọn ilé ìtọ́jú má baà ti ìlẹ̀kùn. Owó náà parí ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, olúkúlùkù ìpínlẹ̀ sì ní láti wá ọgbọ́n tirẹ̀ dá.

Ọgbọ́n Kentucky ni ó wù mí jù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ìjọba ibẹ̀ fi ìlànà lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú ọmọ fún 20 wákàtí lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ìjọba yóò san owó ìtọ́jú àwọn ọmọ tirẹ̀, láì bèèrè iye tí ń wọlé fún un. Ẹ ro ti ìyá ọlọ́mọ méjì kan tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Bí ó bá lọ tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, gbogbo owó rẹ̀ ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ lò tán láti fi tọ́jú ọmọ tirẹ̀. Nítorí náà ó jókòó sílé, yàrá ọmọ ọwọ́ kan sì ṣófo nítorí àìsí ẹni tí yóò dúró níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba gba ẹrù ọmọ méjì lórí rẹ̀, àyè ṣí sílẹ̀ fún ọmọ mẹ́rin mìíràn, àwọn òbí wọn náà sì rí iṣẹ́ lọ. Iowa àti Rhode Island dán irú rẹ̀ wò ní ọdún 2023.

Àwọn mìíràn na owó síni lọ́wọ́. Maine bẹ̀rẹ̀ sí í fi 200 dọ́là lóṣù kún owó àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ní 2022; ní 2023 àwọn aṣòfin tún bù kún un, wọ́n sì ṣe é ní ìpele ìpele, kí ẹni tí ó kàwé jù lè gbà jù. Washington, tí í ṣe olú-ìlú, bu owó orí lé àwọn olówó ní 2021, ó sì fi san tó 14,000 dọ́là fún olùkọ́ àgbà kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ náà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n ní 2024 olórí ìlú náà fẹ́ pa àpò owó ọ̀hún rẹ́ pátápátá. Ìgbìmọ̀ ni ó gbà á sílẹ̀, owó náà sì dín kù.

Èyí tí yóò yé àwa akẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti North Carolina, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1990. A ó ran olùtọ́jú lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Òun, ọ̀gá rẹ̀ àti ètò náà yóò jọ gbé owó rẹ̀. Bí ó bá ṣe àṣeyọrí, a ó fi kún owó rẹ̀, òun náà yóò sì ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ fún sáà kan.

Níbo ni owó yóò ti máa wá? New Mexico ní epo rọ̀bì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, bí ẹni méje nínú mẹ́wàá tí ó dìbò gbà kí a máa fa ìdá 1.25 nínú ọgọ́rùn-ún sí i lọ́dọọdún láti inú àpò owó ilẹ̀ wọn, kí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọ kéékèèké. Vermont kò ní epo. Ní 2023 àwọn aṣòfin ibẹ̀ fi owó orí lé owó-iṣẹ́. Gómìnà Phil Scott kọ̀ láti fọwọ́ sí i, wọ́n sì fi ìbò borí rẹ̀ ní oṣù kẹfà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2024 ni a ti ń gbà á: sẹ́ńtì 44 lórí 100 dọ́là. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń san án, ṣùgbọ́n ó lè yọ sẹ́ńtì 11 nínú rẹ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni olùtọ́jú ọmọ fúnra rẹ̀ ṣe lè máa sọ sẹ́ńtì 11 tirẹ̀ sínú àpò tí a dá nítorí rẹ̀.